Mo Gba Iṣẹ́ Ọwọ́, Mo Fi Ìhìnrere Sílẹ̀

Ìró ni ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa máa ń bá wá sọ́dọ̀ mi ní Brampton, ní Kánádà. Wọ́n ti wo fídíò lórí fóònù, níbi tí ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun ti di orí aláìsàn mú, tó yí i lójijì, tí ọrùn sì dún bí ìgbà téèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Irú ẹ̀ ni wọ́n fẹ́. "Àǹtí, ẹ jẹ́ kó dún o," ni wọ́n fi ń kí mi. Tí mo bá ní mi ò ní ṣe ìyẹn, ojú wọn á yí padà. Àwọn kan á tiẹ̀ bi mí bóyá mo kọ́ṣẹ́ náà parí.

Mo kọ́ ọ parí. Òfin ló dí mi lọ́wọ́. Ní ìpínlẹ̀ Ontario, òfin àwọn iṣẹ́ ìlera tí wọ́n ṣe lọ́dún 1991 sọ pé kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ fi agbára òjijì ti oríkèé ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá ibi tó máa ń yí dé fúnra rẹ̀, torí ó lè ṣeni léṣe. Dókítà lè ṣe é, káírópráktọ̀ lè ṣe é, fisiotẹrapíìsì tó bá gbàṣẹ lè ṣe é. Èmi ò sí lára wọn, ìbáà jẹ́ lọ́jọ́ tí mo ń ṣe masáàjì, ìbáà jẹ́ lọ́jọ́ tí mo ń ṣe ọ́stíópáàtì, ìyẹn fífọwọ́ tọ́jú eegun, oríkèé àti iṣan. Kò sì dùn mí. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi oríkèé ló ń dún yẹn. Kì í ṣe eegun kan tó ṣìnà ló ń padà sáyè rẹ̀. Ó lè dún kí ara má fúyẹ́, ara sì lè fúyẹ́ láìdún rárá.

Masáàjì ni mo kọ́kọ́ kọ́. Òun náà lófin níbí: ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń mójú tó wa kò gbọ́dọ̀ fi orúkọ iṣẹ́ náà pe ara rẹ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ ọ̀hún, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní. Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, kì í ṣe òùngbẹ ìmọ̀ ló kọ́kọ́ gbé mi dé ilé ẹ̀kọ́ ọ́stíópáàtì. Àtàǹpàkò ni. Brampton kún fún awakọ̀ akẹ́rù, ẹ̀yìn awakọ̀ akẹ́rù sì le. Ẹni tó bá ń fi àtàǹpàkò tẹ irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ yóò mọ̀ láìpẹ́ pé oríkèé ìdí àtàǹpàkò kì í ṣe irin. Ó dé ìgbà kan tí mi ò lè ṣí ìdérí ìgò mọ́. Màá jí lóru, màá máa fi ìpara Robb ra ọwọ́ ara mi, èmi tí wọ́n ń sanwó fún kí n lè ra ti ẹlòmíràn. Mo wò yíká, mo rí i pé àwọn tó ṣáájú mi nídìí iṣẹ́ náà ti ń fi í sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ ń kọ́ni, wọ́n lọ ń ta ilé.

Owó náà wà níbẹ̀, kí n má parọ́. Ìnṣọ́ránsì tí àwọn ilé iṣẹ́ ń ṣe fún òṣìṣẹ́ máa ń ya iye kan sọ́tọ̀ lọ́dún fún masáàjì, tó bá ti tán, ó tán nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló tún ní tiẹ̀ lọ́tọ̀ fún ọ́stíópáàtì. Gbogbo wa tá a jọ jókòó sí kíláàsì náà la mọ ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ aráyé ni kálukú sọ nígbà tí wọ́n bi wá ní ohun tó gbé wa wá.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa níbẹ̀ ni pé ká ká ọwọ́ wa kò. Ká wo èèyàn bó ṣe dúró, bó ṣe ń rìn, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ tú okùn bàtà, èjìká wo ló ṣáájú, ẹsẹ̀ wo ló ń sá fún. Kì í ṣe pé a kì í yẹ èèyàn wò ní masáàjì. A ń ṣe é. Ṣùgbọ́n wákàtí kan lẹni náà sanwó fún, ọwọ́ ló sì fẹ́ kó bà á lára ní gbogbo wákàtí náà, ibi tó ń dùn ún gan-an ló sì fẹ́ kó bà. Ó ṣòro láti fi ìdá mẹ́ta àkókò olówó wo bó ṣe ń mí.

Mímí yẹn gan-an ló yí ojú mi padà. Obìnrin kan wà tó ń tọ́jú àwọn arúgbó, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní PSW, tí ọ̀pọ̀ obìnrin ìjọ wa níbí ń ṣe. Ọrùn rẹ̀ lápá òsì kì í jẹ́ kó sùn. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá fún masáàjì: màá ra á, ara á tù ú, tó bá di ọjọ́ kejì sí ìkẹta, á ti tún pè mí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lo ẹ̀kọ́ tuntun yìí fún un, mo ní kó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kó máa mí bó ṣe máa ń mí, mo sì gbé àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì lé ìhà rẹ̀ nísàlẹ̀. Ìhà náà kò ṣí. Èjìká ló ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, iṣan ẹ̀gbẹ́ ọrùn sì ń yọ síta nígbàkigbà tó bá fa èémí sínú.

Iṣan fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà tó pààlà láàrin àyà àti ikùn. Ó dì mọ́ àwọn eegun ìhà mẹ́fà ìsàlẹ̀, ó sì tún fẹsẹ̀ múlẹ̀ lára ọ̀pá ẹ̀yìn lókè ìbàdí. Òun ló yẹ kó máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ èémí. Iṣan tó ń gbé àṣẹ wá fún un, inú ọrùn ló ti sọ̀kalẹ̀ wá, láàrin eegun ọrùn kẹta sí ìkarùn-ún. Bí kò bá ráyè ṣiṣẹ́, àwọn iṣan ọrùn ni yóò bá a ru ẹrù, a sì ń mí nǹkan bí ìgbà 20,000 lójúmọ́. Ọrùn wo ni kò ní kígbe?

Mo bi í bóyá wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un rí. "Ọmọ mẹ́ta, abẹ ni wọ́n fi gbé gbogbo wọn," ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bẹ́líìtì ńlá kan tún wà tí òun máa ń dì mọ́ ikùn kí ẹ̀yìn má baà yẹ̀ bí òun bá ń gbé arúgbó dìde, òun kì í sì í tú u títí òun fi máa délé. Mo ṣiṣẹ́ lára ìhà, mo ṣiṣẹ́ lára ikùn yíká àpá iṣẹ́ abẹ náà, mi ò fọwọ́ kan ọrùn àfìgbà tó ku díẹ̀ kó dìde. Inú bí i.

"Àǹtí, ọrùn ló ń dùn mí o. Mi ò ní inú ń run mí."

Ó padà wá ṣá. Oorun rẹ̀ ti ń gùn sí i. Ó ti bọ́ bẹ́líìtì, ó ń fi ikùn mí kó tó sùn lálẹ́, mo sì ń bá a ra ọrùn náà lọ. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣiṣẹ́? Ẹni tó bá ní òun mọ̀, kó wá fi bó ṣe mọ̀ ọ́n hàn mí. Èyí tí mo mọ̀ ni pé tí mo bá ń bá ọrùn yẹn jà bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ibi tá a wà náà la ó ṣì wà.

Ẹni tó dá iṣẹ́ ọ́stíópáàtì sílẹ̀, bí wọ́n bá mú un dé ìlú wa, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí ẹgbẹ́. Andrew Taylor Still ni orúkọ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1828, iṣẹ́ dókítà ló sì ń ṣe. Lọ́dún 1864, yírunyírun wọ ilé rẹ̀, ó pa ọmọ mẹ́ta, gbogbo oògùn tó mọ̀ kò sì ràn wọ́n. Oògùn ìgbà yẹn náà kò ṣe é fojú rere wò: mẹ́kúrì wà níbẹ̀, ọtí líle wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà kẹ̀yìn sí wọn, ó kọjú sí eegun. Lọ́dún 1874 ló kéde ìlànà tuntun rẹ̀. Wọ́n lé e nídìí iyì, ló bá ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn ní Missouri, ó ń polówó ara rẹ̀ pé atoegun tó yára bíi mànàmáná lòun. Nígbà tó di ọdún 1892, ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Kirksville, obìnrin sì wà nínú kíláàsì àkọ́kọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ìgbà náà kò jẹ́ gbà.

Atoegun. Ta ni kò mọ ilé wọn lọ́dọ̀ wa? Wọ́n á ṣẹ́ adìyẹ lẹ́sẹ̀, wọ́n á fi ọ̀pá pẹlẹbẹ dì í bí wọ́n ṣe di ti ẹni tó fara pa, ọjọ́ tí adìyẹ bá rìn, wọ́n á ní tèèyàn náà ti jiná. Mo ní ẹ̀gbọ́n tó rìn wá sílé láti irú ibẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn eegun Igbóbì náà sì ní ẹjọ́ tiwọn láti rò, nípa ọ̀pá tí wọ́n dì le jù, tí ẹ̀jẹ̀ kò ráyè kọjá, tí ẹsẹ̀ fi kú, tí wọ́n sì gé e. Ohun tí kálukú rí ló ń sọ. Ọ́stíópáàtì tòde òní kì í to eegun tó ṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ẹsẹ̀ tó kán wá bá mi.

Still gbà pé bí eegun bá wà láyè rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn geere, ara fúnra rẹ̀ ló ní oògùn. Ó gbà á débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àìsàn tí kò ní fi eegun ṣàlàyé. Níbẹ̀ lèmi àti bàbá wa yẹn ti pínyà. Ibà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn. Mo bá a dé ibi pé ẹ̀yà ara kan lè máa jìyà iṣẹ́ tí òmíràn kò ṣe, torí mo fi ọwọ́ mi kàn án lójoojúmọ́. Ibi tó kù, ìhìnrere ni, mi ò sì wá ìjọ kún ìjọ.

Apá ti agbárí ló le jù fún mi. William Garner Sutherland, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Kirksville bí sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ṣe ń parí lọ, wo agbárí tí wọ́n tú ká, ó rí bí etí eegun kan ṣe dà gẹ̀ẹ́rẹ́ lórí èkejì. Ó ní ó jọ ibi tí ẹja fi ń mí, nítorí náà agbárí gbọ́dọ̀ máa mí. Láti inú èrò yẹn ni wọ́n ti yọ ẹ̀ka kan odidi, níbi tí oníṣẹ́ yóò ti gbé ọwọ́ lé orí aláìsàn wọ́ọ́rọ́wọ́, tí yóò ní òun ń gbọ́ bó ṣe ń wú tó ń fà. Wọ́n ti dán an wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: oníṣẹ́ méjì, orí kan náà, kí kálukú ka ohun tó gbọ́. Kíkà wọn kò bára mu. Nígbà tí olùkọ́ wa ń kọ́ wa lọ́jọ́ náà, gbogbo kíláàsì ní àwọn ń gbọ́ ọ. Èmi gbọ́ ìlù àyà tèmi nínú ìka ọwọ́ mi.

Ìyá àgbà ni mo rántí. Tó bá ń wẹ ọmọ tuntun, yóò ti ọwọ́ bọ omi gbígbóná, yóò fi tẹ orí ọmọ kó lè rí roboto, yóò fi òrí ra á, yóò na apá, yóò na ẹsẹ̀, ọmọ yóò máa ké, àwa yóò sì máa wò. Bí orí ọmọ bá wá rẹwà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọwọ́ ìyá àgbà ló gbayì ẹ̀. Orí ọmọ tuntun sì máa ń bọ̀ sípò fúnra rẹ̀. Mi ò sọ èyí láti fi bú ẹnì kankan, torí ìwẹ̀ yẹn ní èrè tirẹ̀, ọmọ á sùn, ìyá rẹ̀ náà á sì ráyè sùn.

Èyí tí mo gbà wọlé pátápátá ni ti Lawrence Jones. Dókítà ọ́stíópáàtì ni ní Oregon. Lọ́dún 1955, ó ní aláìsàn kan tí kò lè nàró, tí kò rí bó ṣe máa sùn, gbogbo ohun tí Jones ṣe fún un kò ràn án. Ó wá pinnu pé bí òun ò bá lè wò ó sàn, ó kéré tán kóun wá bó ṣe lè fẹ̀yìn lélẹ̀ láìsí ìrora. Ó ká a síhìn-ín, ó ká a sọ́hùn-ún, títí ó fi rí ipò kan tó dẹ ọkùnrin náà lára, ó fi ìrọ̀rí tì í, ó sì lọ dá ẹlòmíràn lóhùn. Nígbà tó padà dé, ọkùnrin náà dìde, ó nàró. Láti inú ìyẹn ló ti yọ ọ̀nà ìtọ́jú rẹ̀: wá ibi tó ń dunni, ká ara lọ sápá ibi tí ìrora ti ń rọlẹ̀, dì í mú fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, kí o sì rọra gbé e padà. Kò sí ìró, kò sí agbára. Àwọn oníbàárà mi kì í fẹ́ràn rẹ̀ lójú, torí kò jọ iṣẹ́. Àtàǹpàkò mi fẹ́ràn rẹ̀.

Orúkọ tí mo ń jẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí wá jẹ́ wàhálà tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá gboyè ọ́stíópáàtì, dókítà gidi ni, ó ń kọ oògùn, ó ń ṣiṣẹ́ abẹ. Ní Bìrìtéènì, kì í ṣe dókítà, àmọ́ òfin ọdún 1993 ti dáàbò bo orúkọ náà, ẹni tí kò bá sí nínú ìwé àjọ wọn tó ń jẹ́ ẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ló dá. Ní Ontario tí mo wà, òfin ìṣègùn ọdún 1991 fi orúkọ náà sílẹ̀ fún àwọn dókítà nìkan, nítorí náà àwa tá a ń fọwọ́ ṣe é gbọ́dọ̀ wá orúkọ gígùn kan jẹ́, kò sì sí àjọ ìjọba tó ń mójú tó wa nídìí ọ́stíópáàtì. Mo ti ṣàlàyé èyí fún màmá mi lórí fóònù títí ẹnu fi ro mí. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ọmọ wọn ti di dókítà eegun ní Kánádà.

Ibi tí kò sí ẹni tó ń mójú tó ni gbogbo nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde lọ́dún 2010: ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ìtọ́jú tẹ́lẹ̀ yóò kọ́ ọ fún wákàtí 4,200, 1,000 nínú rẹ̀ yóò sì jẹ́ pẹ̀lú aláìsàn lójú olùkọ́, ẹni tó bá ti ní iṣẹ́ ìlera lọ́wọ́ lè kọ́ ọ fún bí wákàtí 1,000. Síbẹ̀, èèyàn lè jókòó sílé kó gba ìwé ẹ̀rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàrin oṣù mélòó kan, láìfọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Pátákó rẹ̀ àti tèmi yóò jọra.

Ìyẹn ni mo fi ń le koko lórí rìsíìtì. Nígbà tó bá di oṣù kọkànlá, tí owó ìnṣọ́ránsì ti ń tán, ẹ̀bẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀. "Àǹtí, ẹ bá wa kọ ọ́ sí masáàjì, ó ku ọgọ́rùn-ún dọ́là níbẹ̀." "Kí ló dé tí ẹ ò lè kọ ọ́ sórúkọ ọkọ mi?" Ohun tí mo bá ṣe ni mo ń kọ. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ mi wà fún masáàjì, mi ò lè fi bo ọ́stíópáàtì mọ́lẹ̀, àjọ masáàjì wa kò sì ní fojú fò ó. Àwọn kan bínú lọ, wọ́n ní mo ti di òyìnbó.

Bàbá kan wá sọ́dọ̀ mi nígbà kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá kí àwọn ọmọ rẹ̀ láti ilé. Ìbàdí ló ń dùn wọ́n. Ọmọ wọn ti sanwó kí wọ́n tó jókòó. Mo béèrè ìgbà tó máa ń dùn jù.

"Òru ni, ọmọ mi. Mo sùn o, mo jókòó o, bákan náà ni."

"Dádì, ẹ ti fọn díẹ̀ ni?"

Wọ́n gbé ṣòkòtò wọn sókè, wọ́n fi bó ṣe ń yọ̀ hàn mí. Mo béèrè nípa ìtọ̀. Wọ́n wo ọmọ wọn kí wọ́n tó dáhùn.

Ìrora ẹ̀yìn kún ayé: wọ́n ṣírò rẹ̀ pé mílíọ̀nù 619 èèyàn ló ní ìrora ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn lọ́dún 2020, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò sì ní ewu lẹ́yìn. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2023 ka masáàjì àti fífọwọ́ tún ọ̀pá ẹ̀yìn ṣe mọ́ ohun tí ẹni tó ti pẹ́ nínú rẹ̀ lè gbìyànjú pẹ̀lú eré ìdárayá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí rẹ̀ kò lágbára. Ṣùgbọ́n àgbà ọkùnrin, adúláwọ̀, tí ẹ̀yìn ń dùn lóru, tó ń rù, tí ìtọ̀ ń yọ lẹ́nu, kì í ṣe ara ọ̀pọ̀ yẹn títí dókítà yóò fi sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n. Mo dá owó padà, mo kọ lẹ́tà sí dókítà. Ọmọ wọn yarí: ẹ kàn bá wọn ra á ná, ṣé ọwọ́ lásán náà lè pa èèyàn? Jẹjẹrẹ ni dókítà bá lára wọn, ó ti gun eegun ẹ̀yìn. Eegun bẹ́ẹ̀, ọwọ́ lásán lè ṣẹ́ ẹ.

Mo ti pín ọ̀sẹ̀ mi sí méjì báyìí, ọjọ́ masáàjì lọ́tọ̀, ọjọ́ ọ́stíópáàtì lọ́tọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ wa ṣì ń kọ̀wé sí mi pé kí n wá kọ́ ti agbárí síwájú sí i, owó rẹ̀ kò sì kéré. Mi ò tíì lọ, mi ò sì rò pé màá lọ. Àwọn èèyàn máa ń béèrè èwo ló dára jù nínú méjèèjì kí wọ́n tó gba ọjọ́. Ẹni tí nǹkan kan ti ń dùn fún ìgbà pípẹ́, tí masáàjì kàn ń bá a sún síwájú, màá ní kó wá lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ ọ́stíópáàtì. Ẹni tí iṣẹ́ òru ti lù bolẹ̀, tí kò sí ohun tó ń ṣe é ju àárẹ̀ lọ, òróró gbígbóná àti wákàtí kan lórí bẹ́ẹ̀dì ló nílò, Ọjọ́rú àti Sátidé sì ni ìyẹn. Kó tètè pè, torí àwọn awakọ̀ akẹ́rù ti máa ń gba Sátidé tán kí Ọjọ́rú tó pé.